Ohùn Tí Kò Ṣeé Yá Lò

Bí ẹ bá ti wà ní òde ìnáwó rí ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Èkó, níbi tí ẹgbẹ́ olórin kan ti ń kọ orin àtijọ́ láti fi dá àwọn àgbàlagbà lára yá, ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé ibì kan wà tí agbára àfarawé wọn máa ń pin sí. Olórí ẹgbẹ́ náà yóò kọ orin Ebenezer Obey, yóò sì dùn. Yóò kọ ti Sunny Adé, àwọn ènìyàn yóò dìde, owó yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Yóò wá bọ́ sí fújì, yóò fa ohùn bí i ti Síkírù Àyìndé Barrister tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá di ojú rẹ̀ fi lè rò pé kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí pé kí ó kọ orin Orlando Owoh, ọ̀kan nínú ohun méjì ni yóò ṣe. Yálà kí ó fún ọ̀fun rẹ̀ pọ̀ kí ohùn rẹ̀ lè há, tí àwọn ènìyàn yóò sì bú sẹ́rìn-ín, tàbí kí ó fi ohùn ara rẹ̀ kọ ọ́, kí orin náà sì di nǹkan mìíràn.

Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn jù, nítorí pé Owoh kò ní irú ohùn tí olùdarí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yóò yìn, ohùn Barrister sì dán, ó sì rọ̀, ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Síbẹ̀, ohùn tó dán náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò rí kọ́, tí èyí tó há kò sì rí ẹni gbé e. Lójú tèmi, ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí ni pé àwọn ohùn kan jẹ́ ọ̀nà, àwọn mìíràn sì jẹ́ ara. Ẹni tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà, a lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀: a lè mọ ibi tó ti máa ń yí ohùn, ibi tó ti máa ń fà á, irú ọ̀rọ̀ tó fi ń wọlé àti irú èyí tó fi ń jáde, kí a sì fi ọdún díẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀. Ní ti ẹni tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ara, orin rẹ̀ la lè kọ́, a kò lè kọ́ òun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ Barrister, kí n má baà dà bí ẹni tó ń bù ú kù. Wéré ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, ìyẹn orin tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí máa ń kọ kiri ní òru oṣù Ràmàdáánì láti fi jí àwọn ènìyàn sí sààrì. Ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́, àdúgbò kan a sì máa bá àdúgbò kejì díje. Ohùn wéré kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó yá nínú ìpè ìrun, ó yá nínú kíké Kùránì, ó sì yá nínú orin tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ nílé kí wọ́n tó mọ ọ̀nà ilé kéwú. Barrister gba ohùn àjọní yìí, ó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ju bí ẹnikẹ́ni ti ṣe é ṣáájú rẹ̀, ó sì fi ìlù tó pọ̀ ju ti wéré lọ gbè é lẹ́sẹ̀ títí ó fi di fújì tí gbogbo ayé mọ̀. Nítorí pé ohùn àjọní ni gbòǹgbò rẹ̀, ọmọkọ́mọ tó bá ti jí sí wéré ní òru ti ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Wàsíù Àyìndé tó ti ń bá a ru ohun èlò láti ìgbà tó wà lọ́mọdé ni àpẹẹrẹ tó yéni jù. Orúkọ Barrister wà lẹ́yìn orúkọ tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ohùn ọ̀gá sì wà lẹ́nu ọmọ iṣẹ́, kí ó tó gbé àwo Talazo jáde ní ọdún 1984, tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nílẹ̀. Lónìí, àwọn tó ń fara wé Wàsíù fúnra rẹ̀ kò níye.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ìdí jùjú. Túndé Nightingale ní ohùn òkè tó tín-ín-rín, tó ń fò lókè gìtá bí ẹyẹ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, ọ̀nà orin tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sọ̀-wà-ńbẹ̀ ni Sunny Adé sì kọ́kọ́ tẹ̀ lé kí ó tó la ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá fetí sí àwọn àwo Sunny Adé ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ yóò gbọ́ ọ. Mi ò ka èyí sí àléébù rárá. Báyìí ni iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Èdè wa fúnra rẹ̀ tilẹ̀ mú kí àfarawé rọrùn fún olórin Yorùbá dé ìwọ̀n kan. Olórin tó bá fẹ́ kí a gbọ́ ohun tó ń sọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí orin rẹ̀ gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, kí ó sì sọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti sọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àdúrà yóò di èébú lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyí tí gángan fi lè tún orin pè láìlo ẹnu. Ìdí nìyí náà tí iṣẹ́ ẹni tó ń fara wé olórin mìíràn fi ti parí dé ìdajì kí ó tó la ẹnu: tó bá ti mọ ọ̀rọ̀ orin náà, ọ̀rọ̀ yóò fi ibi tí ohùn ń gbà hàn án. Ohun tó ṣẹ́kù ni àwọn nǹkan tí ọ̀rọ̀ kò lè pàṣẹ fún, bí ọ̀fun ṣe rí, bí imú ṣe dá sí ohùn, ibi tí èémí ti já, bí olórin ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn ìlù kí ó tó wọlé, àti ẹ̀ka-èdè tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Nínú ìdajì kejì yìí ni ìjà wà.

Àwọn baba wa tilẹ̀ ti ṣètò ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀nà tiwọn. Àwọn ọdẹ ń sun ìjálá, àwọn òjẹ̀ ń pe ẹ̀sà, àwọn mìíràn ń sun rárà, ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ sì ń sun ẹkún ìyàwó. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri, tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan yanjú, ti lè mọ èyí tí wọ́n ń ṣe nínú gbogbo wọn nípa bí ohùn ṣe ń jáde. Ohùn ìjálá jẹ́ ti ìjálá kí ó tó jẹ́ ti ẹni tó ń sun ún. Ọmọ ọdẹ tó ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ kiri ń wá bí òun yóò ṣe wọ inú ohùn tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí òun. Bí ó bá ń wá ohùn tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni, wọn yóò ní kò tíì mọ iṣẹ́. Mi ò sọ pé wọn kò mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n sun jù. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n jíjìn ìmọ̀ rẹ̀ nínú oríkì àti ìtàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń yìn.

Àwo orin ni ó yí èyí padà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bí i Parlophone, Odeon àti His Master's Voice bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn àwọn olórin wa sílẹ̀, tí Túndé King sì ti gbé jùjú sórí àwo ní ọdún 1936, ó ṣẹlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ènìyàn lè jókòó sílé kí ó máa gbọ́ ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, ikọ́ kan náà, ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, láìrí ojú ẹni tó ń kọrin. Ojú kò sí níbẹ̀, ijó kò sí níbẹ̀, aṣọ kò sí níbẹ̀. Ọ̀fun nìkan ni ó dá dúró. Olórin tí ọ̀fun rẹ̀ bá ní nǹkan tí kò sí lọ́rùn ẹlòmíràn wá ní ọrọ̀ tí àwọn tó ṣáájú kò mọ̀ pé ó jẹ́ ọrọ̀.

Owoh jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ ọrọ̀ náà jù. Stephen Ọládipúpọ̀ Owómóyèlà ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Òṣogbo ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1932, ṣùgbọ́n ọmọ Ifọ̀n ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó ń ṣe kí ó tó di ọdún 1958, nígbà tó bá ẹgbẹ́ eléré Kọ́lá Ògúnmọ́lá lọ láti máa lùlù àti láti máa kọrin. Ní ọdún 1960, ó dá Omimah Band tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Young Kenneries dé, àti African Kenneries. Àwo orin rẹ̀ lé ní 40 kí ó tó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2008. Bí ẹ bá gbọ́ ìlà kan péré nínú èyíkéyìí nínú wọn, láti ilé aládùúgbò, ní alẹ́, tí iná kò sí, ẹ kò ní béèrè ẹni tó ń kọrin.

Ohùn rẹ̀ há, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàrin wa, olórin tí ohùn rẹ̀ bá há máa ń wá orógbó jẹ, tàbí kí ó fi atare díẹ̀ sẹ́nu, kí ohùn lè là kí ó tó dé ìdí ìlù. Ohùn Owoh dún bí ohùn ẹni tí orógbó tán lápò rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń sín in jẹ kò ṣàkíyèsí ni pé híhá náà kò pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ lára. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ ni à ń gbọ́. Tán-án-ná méjì tó wà lọ́nà ọ̀fun ni ó máa ń pàdé ara wọn, tí èémí yóò gbọ̀n wọ́n, tí ohùn yóò fi jáde. Bí wọ́n bá sún mọ́ra dáadáa, ohùn á mọ́, bí wọ́n bá sì fi àyè sílẹ̀, èémí á máa jò láàrin wọn, ohùn á sì há. Ẹni tó bá fi ipá fún ọ̀fun rẹ̀ kí ó lè dà bí Owoh ń fi ẹran ọrùn tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Yóò rí híhá, ṣùgbọ́n kò ní rí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn mọ́. Nínú èdè mìíràn, ó lè máà fi bẹ́ẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀ ti kú nìyẹn. Ẹ ó gbọ́ ariwo tó jọ Owoh, ẹ kò sì ní mọ ohun tó ń sọ, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni Owoh fi ń jẹun.

Ohun kejì ni ìlọ́ra rẹ̀. Háíláìfù tí ó kọ kò kánjú, àwọn gìtá inú rẹ̀ mọ́ kedere, àwọn elégbè rẹ̀ sì ní ohùn tó là. Láàrin gbogbo ohun tó mọ́ wọ̀nyí ni yóò ti gbé ohùn tirẹ̀ wọlé, ní ìwọ̀n díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí etí ti ń retí rẹ̀, bí ẹni tó jí lójú oorun tí wọ́n wá bi í ní ìbéèrè. Nígbà mìíràn, ìlà orin náà yóò bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ sísọ lásán, yóò di orin ní àárín, yóò sì tún padà di ọ̀rọ̀ kí ó tó parí. Ìdúró lẹ́yìn ìlù yìí kò ṣeé kà sórí. Mo ti gbọ́ onígìtá kan tó mọ gbogbo orin wọ̀nyẹn ní àmọ̀dunjú tó sọ pé òun lè lu orin Owoh láti òwúrọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n pé kò sí akọrin tí òun lù ú fún tí kì í yára jù.

Bẹ́ẹ̀ ni kò kọrin ní Yorùbá ìwé nìkan. Ahọ́n ìhà Oǹdó wà lẹ́nu rẹ̀, pijin a sì máa yọjú láàrin rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Ọmọ Ìbàdàn tó bá fẹ́ kọ ọ́ yóò fi Yorùbá Ìbàdàn kọ ọ́, bí ohùn rẹ̀ bá tilẹ̀ há tó bí i ti Owoh, yóò dà bí ẹni tó wọ bàtà oníbàtà.

Àwọn kan máa ń sọ pé igbó ni ó fún un ní ohùn náà; àwo àkójọpọ̀ orin rẹ̀ kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ pè é ní Dókítà Ganja lórí èèpo. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ni mo ka ìyẹn sí. Àwọn tó ń mu igbó ní ilẹ̀ yìí kò kéré níye, mi ò sì tíì gbọ́ Owoh kejì láti ẹnu ọ̀kankan nínú wọn.

Bí a bá kúrò lọ́dọ̀ Owoh, ọ̀dọ̀ Yúsúfù Ọlátúnjí ló kàn, Baba l'Ẹ́gbàá, tó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1978. Ẹgbẹ́ Àbíbù Olúwa ni ó ti kọ́ sákárà, nítorí náà kì í ṣe òun ni ó dá orin náà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì mọ ohun tó mọ̀ nípa oríkì àti òwe. Ṣùgbọ́n nínú sákárà, gòjé, ohun èlò olókùn tí wọ́n ń fi ọrun fà, kì í fi akọrin sílẹ̀. Bí ìlù sákárà, amọ̀ róbótó tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ bò, ti ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, ni gòjé ń tẹ̀ lé ọ̀fun akọrin lókè, tó ń kùn nígbà tí òun ń kùn, tó ń fa ohùn nígbà tí òun ń fà á. Yúsúfù ní ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo, tí imú dá sí díẹ̀, ó sì bá gòjé mu débi pé ní òpin ìlà, a kì í mọ èwo ni okùn, èwo ni ọ̀fun. Àwọn tó ń fara wé e máa ń fi ọwọ́ di imú, wọ́n á ní Yúsúfù nìyẹn. Èmi kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àyà ni ohùn náà ti ń bọ̀; bí ó bá ń dé òpin ni imú ń gbà á. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti imú kò ní ibi tí yóò gbé e lọ mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ibo ni yóò ti rí onígòjé tí yóò gbé ìdajì ohùn náà fún un? Àwọn onígòjé kò pọ̀ nílẹ̀ mọ́, ìdí kan tí sákárà fi lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fújì ti ń gba òde lọ́wọ́ gbogbo wọn nígbà náà.

Ti Àyìnlá Ọmọwúrà jọ èyí ní ọ̀nà kan. Ọmọ Ìtòkò ní Abẹ́òkúta ni, àpàlà ni ó ń kọ, ohùn rẹ̀ sì le, ó mú, ó dà bí ohùn ẹni tó ti ń bá ènìyàn jà kí ẹ tó dé ibẹ̀. Àwọn tó mọ àpàlà dáadáa yóò sọ fún yín pé ẹni méjì ló ń jẹ́ ohùn Àyìnlá: òun àti Adéwọlé Oníluọlá tó ń lùlù fún un. Kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán, ìlù ti gbà á, ó ti tún un sọ, nígbà mìíràn ó ti fi òwe kún un. Ìlù náà á sì ti fi ibi tí ọ̀rọ̀ kàn yóò gbà hàn án. Ẹgbá gidi sì ni Àyìnlá ń sọ nínú orin, kò yọ́ ọ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n pa á ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, nínú ìjà ilé ọtí, nígbà tó wà lókè téńté iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń kọ orin rẹ̀ pọ̀, wọ́n mọ èébú rẹ̀, wọ́n mọ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú wọn máa ń dà bí ìbínú orí ìtàgé.

Láàrin àwọn obìnrin, Sàláwà Àbẹ̀ní ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Bàtílì Àlàkẹ́ ti gbé wákà, orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí, sórí àwo ṣáájú rẹ̀, ọ̀nà wákà sì ti là. Ní ọdún 1976, nígbà tí Sàláwà kò tíì ju ọmọ ọdún 15 lọ, ó gbé àwo jáde lórí ikú Ọ̀gágun Murtala Mohammed, ohùn tó wà nínú rẹ̀ kò sì jọ ohùn ọmọdé. Ó nípọn, ó tẹ ilẹ̀ ṣinṣin, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí dé e ládé ọba obìnrin wákà ní ọdún 1992. Àwọn obìnrin tó ń kọ wákà lẹ́yìn rẹ̀ mọ ọ̀nà tó ń gbà kí ènìyàn àti ọ̀nà tó ń gbà fèsì fún ọ̀tá. Ìwúwo inú ohùn náà ni wọn kò rí mú lọ.

Mo fi Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, sẹ́yìn nítorí pé nínú ilé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ogún. Hárúnà, tí wọ́n ń pè ní Baba Ngani Àgbà, mọ iye tí ohùn òun tó. Ní ọdún 1969, òun àti I. K. Dairo pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀ kí àwọn olórin lè jẹ èrè ọ̀fun wọn fúnra wọn, nígbà tó sì di ọdún 1979, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìjókòó ni ó máa ń jókòó kọrin. Ohùn rẹ̀ kò fò, kò yí, kò ké. Ó ń lọ ní ẹsẹ̀ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí i nínú orin tó fi yin ẹgbẹ́ Òròkí ti Òṣogbo ní ọdún 1971, tí agídìgbo ń lù nísàlẹ̀ bí ọkàn ènìyàn, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń dáhùn. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò rò pé kò sí ohun tó rọrùn bẹ́ẹ̀ láti fara wé, nítorí pé kò sí ọ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀ tí ènìyàn ní láti kọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Níbi tí ọ̀ṣọ́ kò bá sí, ara ohùn nìkan ni ó kù, ti Hárúnà sì ní àṣẹ nínú débi pé bí ó bá ṣàdúrà fún ènìyàn nínú orin, onítọ̀hún á dáhùn àmín lójú agbo, bí ó bá sì gbé ẹnì kan ṣépè, àwọn tí kò mọ onítọ̀hún rí á máa bẹ̀rù fún un. Bí ẹlòmíràn bá fi irú ohùn tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan náà, yóò kàn dà bí ẹni tí orin ti sú.

Nígbà tí Hárúnà kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1983, Músílíù ọmọ rẹ̀ ni ó gba àpàlà. Ó ní ọ̀nà méjì níwájú rẹ̀, mo sì gbà pé èyí tó tọ́ ni ó yàn. Ó gba agídìgbo, ó gba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó gba bí wọ́n ṣe ń to oríkì àti bí elégbè ṣe ń gbè. Kò gba ọ̀fun. Ohùn tirẹ̀ fúyẹ́ ju ti bàbá rẹ̀ lọ, ó yá, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, òun ni ó sì fi kọ orin tó tún dá àpàlà padà sójú agbo ijó àwọn ọ̀dọ́ ní nǹkan bí ọdún 2000. Mo ti gbọ́ àwọn àgbàlagbà kan tí wọ́n ń ráhùn pé kò jọ bàbá rẹ̀ tó. Ká ní ó gbìyànjú láti jọ ọ́ ni, àwọn àgbàlagbà kan náà yìí ni ì bá jókòó ti ẹ̀rọ, tí wọn yóò máa fi ìlà orin ọmọ wé ìlà orin bàbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kì bá sì ráyè jó.